Ọwọ́ Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dúró

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ohun tí a bá ń pò, kí á pò ó dáadáa. Alákàrà á lu ẹ̀wà lílọ̀ títí apá á fi ro ó, torí afẹ́fẹ́ tó bá kó sínú ẹ̀wà yẹn ni àkàrà fi ń wú nínú epo. Mọ́fíìnì, ìyẹn kéèkì kékeré tí wọ́n ń yan nínú páànù oníhò, kò fẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá lù ú bẹ́ẹ̀, yóò le, orí rẹ̀ yóò ṣe ṣóńṣó, bí ẹ bá sì là á sí méjì, ẹ ó rí ihò gígùn tó gba inú rẹ̀ kọjá. Bí fúláwà àlìkámà bá ti kan omi, tí a sì ń rò ó, ṣe ló máa ń fà mọ́ra. Fífà yẹn ni búrẹ́dì ń fẹ́. Òun náà ló ń ba mọ́fíìnì jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti máa wo arábìnrin ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń yan mọ́fíìnì tà nílùú Houston, ní Amẹ́ríkà. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Mọ́fíìnì oní-èérí àlìkámà ló ń yan, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti máa ń pò sílẹ̀ sínú fíríìjì láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n lè máa bù ú yan láràárọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pò ó. Omi gbígbóná ló kọ́kọ́ ń dà lé èérí náà lórí, á wá fi í sílẹ̀ kó rẹ, kó sì tutù pátá. Èérí gbígbẹ kì í tètè yó omi. Bí kò bá mu àmuyó kó tó dé ọ̀dọ̀ fúláwà, inú abọ́ ni yóò ti máa mu ún lọ, tí ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú yóò fi gan tó bá di ọjọ́ Ọjọ́rú. Ó po ẹyin, ṣúgà, òróró àti wàrà kíkan pọ̀ nínú abọ́ kan. Ó jọ fúláwà, iyọ̀, sódà àti bekin páúdà pọ̀ sínú abọ́ kejì. Títí dé ibí yìí, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é.

Ibi tí ojú mi kì í ti í kúrò lára rẹ̀ ni ìgbà tí abọ́ méjèèjì bá pàdé. Ó wa kòtò sáàárín fúláwà, ó da èérí àti ohun olómi sí i, ó sì ki ṣíbí onígi bọ abẹ́ rẹ̀. Ó ti ìsàlẹ̀ bù ú wá sókè, ó dà á lé ara rẹ̀, ó yí abọ́ díẹ̀, ó tún bù ú. Kò rò ó yíká, kò sì lù ú. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ abọ́ ju àárín lọ, torí ibẹ̀ ni fúláwà gbígbẹ máa ń sá pamọ́ sí. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti fa ṣíbí yọ. Mo bẹ ojú wò ó, kókó ṣì wà níbẹ̀, funfun fúláwà sì ṣì ń hàn níhìn-ín lọ́hùn-ún.

"Àǹtí, ẹ ò tíì pò ó tán o."

"Fi í sílẹ̀. Omi á wọ kókó yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́."

Iṣẹ́ tí ẹlòmíì ń fi ṣíbí ṣe, òru ló gbé e fún. Omi ń wọ inú kókó díẹ̀díẹ̀, fúláwà tó ti fà mọ́ra díẹ̀ náà á sì dẹ̀, kò ní le mọ́. Lójú tèmi, èyí ló jẹ́ kí mọ́fíìnì tí wọ́n pò sílẹ̀ dára ju èyí tí wọ́n pò, tí wọ́n sì yan lẹ́ẹ̀kan náà.

Wíwú rẹ̀ ló yẹ kó fa ìṣòro. Bí sódà bá ti kan wàrà kíkan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bó bá sì hó tán lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ni yóò gbé mọ́fíìnì ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ sókè? Àǹtí kì í fi gbogbo iṣẹ́ lé sódà nìkan lọ́wọ́. Bekin páúdà tó ń lò jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: apá kan ń ṣiṣẹ́ bó bá ti kan omi, apá kejì ń dúró de iná. Alfred Bird, oníṣòwò oògùn kan ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe páúdà tó ń mú nǹkan wú láìsí ìwúkàrà lọ́dún 1843, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ kò lè jẹ ohun tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dé lẹ́yìn tirẹ̀. Ọkọ gidi ni ọkùnrin náà.

Àwọn ìwé ìdáná kan ní Amẹ́ríkà sọ pé àpòpọ̀ yìí lè lo ọ̀sẹ̀ 6 nínú fíríìjì. Àǹtí kì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ Ẹtì, torí ẹyin tútù wà nínú rẹ̀, mo sì gbà pé òun ló tọ̀nà. Ó ń dé e pinpin, ó ń kọ ọjọ́ sí i lára, kì í sì í jẹ́ kí fíríìjì náà gbóná ju 4°C lọ.

Tó bá di ìdájí, òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò ó. Àpòpọ̀ náà ti ki, òkè rẹ̀ ti dú díẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì ti wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò wọ̀nyẹn ni ẹni tó bá rò ó yóò tú dànù. Ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni Àǹtí ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú kí ìyókù má baà mì. Ìbù kan fún ihò páànù kan, títí dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kì í fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ orí rẹ̀ kó lè tẹ́jú. Ó tan ọ́fùnù dé 220°C, ó ti páànù sí i, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún ó dín in kù sí 190°C. Ooru líle ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń gbé àpòpọ̀ tútù sókè kí èèpo ara rẹ̀ tó gbẹ, tí orí rẹ̀ fi ń rí róbótó.

Kì í wo aago púpọ̀. Òórùn ló ń tẹ̀ lé. Bí òórùn ṣúgà bá ti ń yí padà, á ṣílẹ̀kùn, á fi ìka kan tẹ orí ọ̀kan. Bó bá ta padà sókè, ó ti jinná. Á jẹ́ kó sinmi díẹ̀ nínú páànù, á sì yọ ọ́ kí ooru tó há sábẹ́ rẹ̀ má baà mú ìdí rẹ̀ rin. Mo la ọ̀kan: inú rẹ̀ rọ̀, ó ní ọ̀rinrin díẹ̀, kò sí ihò gígùn kankan níbẹ̀, adùn èérí sì jinlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹyin àti wàrà sílẹ̀ mọ́jú nínú fíríìjì tí kò tutù dáadáa. Ẹ jọ àwọn ohun gbígbẹ pọ̀ lálẹ́, kí ẹ dé wọn. Tó bá di òwúrọ̀, ẹ da èérí tó ti rẹ àti ohun olómi sí i, ẹ bù ú látìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹ sì fa ṣíbí yọ nígbà tí kókó ṣì wà níbẹ̀.