Asọ̀tàn Nínú Sinimá Man Friday

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n Man Friday, sinimá tí Jack Gold darí ní ọdún 1975, èyí tí Adrian Mitchell kọ láti inú eré orí ìtàgé tirẹ̀. Peter O'Toole ṣe Crusoe. Richard Roundtree, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe Friday. Ìtàn inú Robinson Crusoe, ìwé tí Daniel Defoe tẹ̀ jáde ní 1719, ni wọ́n tún sọ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ìtàn náà jìnnà sí wa. Nínú ìwé Defoe, etíkun Gínì níhà ọ̀dọ̀ wa ni Crusoe ń bọ̀ wá kó ẹrú kí ọkọ̀ rẹ̀ tó fọ́. Ṣáájú èyí, ó ti gba 60 owó fàdákà lórí Xury, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ sá kúrò lóko ẹrú. Síbẹ̀, òun nìkan ni asọ̀tàn. Ìyà tí ó jẹ òun ni a ń rí, a kò rí èyí tí ó fi jẹ ẹlòmíràn. Ó sọ ẹni tí ó gbà là ní Friday nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà. Yorùbá pẹ̀lú a máa fi ọjọ́ sọmọ lórúkọ, bí i Jímọ̀ àti Abíọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Crusoe kò béèrè ilé ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ńlá tí sinimá yìí ṣe ni pé ó gba ìtàn lẹ́nu Crusoe, ó fi í sẹ́nu Friday. Àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Friday ti ń sọ ọ́, tí wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n sì ń gbé e yẹ̀ wò. Ohun tí Crusoe ń pè ní ọ̀làjú wá di ohun ìyanu létí wọn: kí ènìyàn kan dá ilẹ̀ ní, kí eré sísá di ọ̀ràn ẹni tí yóò borí. Nígbà tí Crusoe fẹ́ di ará ìlú, tí ó fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ wọn, Friday fúnra rẹ̀ ni ó takò ó. Ẹni tí a pè ní ẹrú di ẹlẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Friday fi ń rojọ́, orúkọ tí Crusoe fún un ni wọ́n sì fi pe sinimá náà. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe, a ó gbà. Síbẹ̀, a wo eré náà tán, a kò gbọ́ èdè abínibí rẹ̀. A dá ẹnu padà fún un, a kò dá ahọ́n padà.

Ọ̀ràn yìí kan Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó sòdí ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ìjọba Èkó wí pé Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òwò. Ìjẹ̀bú ka ọ̀nà àti owó oníbodè sí ẹ̀tọ́ tiwọn. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìjọba nìkan ti di a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá.

Nítorí náà, bí ìdánwò bá béèrè nípa asọ̀tàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ “ojúmilóṣe” kí ó sì dúró síbẹ̀. Ojúmilóṣe ni Crusoe. Ojúmilóṣe ni Friday. Kí ó béèrè pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń gbọ́, èdè ta ni, ta ni a kò sì jẹ́ kí ó fọhùn?