Ibi Tí Iṣẹ́ Ti Le Ni Kí Ẹ Wò

Bí wọ́n bá gbé síkúrù irin lé iná, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣàdédé yí. Yóò kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, yóò ṣú díẹ̀, yóò di àwọ̀ àlùkò, kó tó wá di aró. Ẹni tó fẹ́ kó dúró lórí aró gbọ́dọ̀ tètè gbé e kúrò. Bó bá fi díẹ̀ kọjá, àwọ̀ náà ti ṣá nìyẹn, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí dídán irin. Chris, ọ̀gá oníṣẹ́ tó ni ìkànnì Clickspring lórí YouTube, máa ń to àwọn síkúrù rẹ̀ sínú ẹ̀rún idẹ kí ooru lè kárí wọn lọ́gbọọgba, á wá fi iná sábẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà kò ní kúrò lójú síkúrù náà. Kò sí ẹni tó ń pariwo pé ẹ ò ní gbà á gbọ́ láé, kò sí ọfà pupa tó ń tọ́ka sí nǹkan. Ẹ ó máa wo aró bó ṣe ń gun orí irin bọ̀, títí ọ̀gá yóò fi gbé e kúrò.

Ohun tí mo fi ń yẹ ìkànnì oníṣẹ́ ọwọ́ wò kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí iṣẹ́ dé ibi tó le, ṣé kámẹ́rà dúró, àbí ó fò ó kọjá? Dátà wọ́n, kò yẹ ká máa fi ra irọ́. Ẹ ó ti rí àwọn fídíò tí ọkùnrin méjì ti ń fi igi ṣóńṣó gbẹ́ ilẹ̀, tí ilẹ̀ náà á sì di odò ìlúwẹ̀ẹ́ kí ẹ tó mu omi tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ: àṣírí àwọn kan nínú wọn ti tú pé katapílà ló gbẹ́ kòtò náà, torí kámẹ́rà nìkan ni igi ṣóńṣó ṣe wà níbẹ̀. Àwọn míì ń pe ara wọn ní atúnǹkan-àtijọ́-ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ tuntun ni wọ́n rì sínú omi iyọ̀ kó lè dípẹtà. Èrò tó ń wo ìwọ̀nyẹn pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ wò yìí, láàárín wa níbí, ẹni tó mọ̀ wọ́n kò pọ̀, àfi ẹnì kan tí mo fi síkẹ́yìn.

Ìlú Cairns ní Queensland, ilẹ̀ Ọsirélíà, ni Chris ti ń ṣiṣẹ́. Aago onídẹ ló kọ́kọ́ fi gba ìyìn, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti orí awẹ́ idẹ pẹlẹbẹ títí dé orí síkúrù. Lẹ́yìn ìyẹn ló dáwọ́ lé ṣíṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ Antikythera. Ní 1901, àwọn òmùwẹ̀ tó ń wá kànrìnkàn inú òkun gbé ẹ̀rọ yìí jáde látinú ọkọ̀ tó ti rì lẹ́bàá erékùṣù Antikythera ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ó ti lo nǹkan bí 2,000 ọdún lábẹ́ omi. Idẹ rẹ̀ ti jẹ, ègé 82 ló sì kù tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Athens báyìí. Nínú wọn ni àwọn onímọ̀ ti rí 30 kẹ̀kẹ́ eléyín, ohun tí mẹkáníìkì ń pè ní jíà. Ẹni tó bá yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà nígbà tó ṣì pé, á rí ibi tí oòrùn àti òṣùpá wà lójú ọ̀run, á sì rí ìgbà tí ọ̀sán lè dòru tàbí tí òṣùpá lè wọ òkùnkùn.

Ẹ wá ibi tí Chris ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ òṣùpá. Òṣùpá kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà: nígbà míì ó yá, nígbà míì ó ń fà. Báwo wá ni kẹ̀kẹ́ tó ń yí lọ́gbọọgba yóò ṣe fi ìyẹn hàn? Alágbẹ̀dẹ ayé ìgbà náà gbé kẹ̀kẹ́ méjì lé ara wọn, eyín 50 lára èyí, eyín 50 lára ìyẹn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àárín wọn bára mu. Ó fi díẹ̀ yà wọ́n. Ó wá gbin èèkàn kékeré sára ọ̀kan, ó gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára èkejì, èèkàn sì wọ ihò. Bí wọ́n ṣe ń yí, èèkàn ń sún síwá sẹ́yìn nínú ihò, kẹ̀kẹ́ kejì á yára níbì kan, á fà níbòmíì. Ìwé lè máa ṣàlàyé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní yé yín tó ìgbà tí ẹ bá rí i tó ń yí lójú yín.

Chris ní ẹ̀rọ tó lè gé eyín wọ̀nyẹn kíákíá, ó sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ó tún ya àwọn fídíò kan lọ́tọ̀, tó ti ń wádìí irú irinṣẹ́ tó lè wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ àtijọ́ yẹn, tó sì ń ṣe irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èyí tó dá lórí fáìlì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rò ó wò: fáìlì ló ń họ irin, kí ló wá ń họ fáìlì? Irin rírọ̀ ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á tẹ́ ojú rẹ̀, wọ́n á wá fi irin ẹlẹ́nu mímú gé ìlà lé e, ìlù kan fún ìlà kan. Kò sí rúlà níbẹ̀. Ìlù kọ̀ọ̀kan máa ń gbé etí irin sókè díẹ̀. Ẹni tó ń gé e á sún irin ẹlẹ́nu mímú títí yóò fi kan etí yẹn, ibẹ̀ náà ni yóò tún ti lù. Ọwọ́ ló ń mọ ìwọ̀n, kì í ṣe ojú. Bó bá gé e tán, irin náà ṣì rọ̀, kò lè họ nǹkan kan. Ó di dandan kí wọ́n dì í mọ́ ohun tó ní èédú nínú, kí wọ́n sì fi sínú iná kí èédú lè wọ awọ rẹ̀, kí wọ́n tó tì í bọ omi. Bí mo bá rí fáìlì lórí àtẹ ọjà báyìí, mo máa ń gbé e wò lójú méjèèjì.

Irú iṣẹ́ báyìí ló ń bí ìbéèrè tí ìwé nìkan kò lè bí. Òrùka kan wà lójú ẹ̀rọ Antikythera tó ní ihò wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti gbà pé ihò náà ní láti jẹ́ 365, iye ọjọ́ inú ọdún àwọn ará Íjíbítì. Ẹni tó ń kọ̀wé lè gbà bẹ́ẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ lu ihò náà gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò lù. Chris àti àwọn mẹ́ta míì wọn àlàfo àárín àwọn ihò tó kù nínú àwòrán X-ray, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Horological Journal ní 2020: 354 ló jọ òótọ́ ju 365 lọ, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, olóṣù 12. Ní 2024, Graham Woan àti Joseph Bayley ní Yunifásítì Glasgow fi ìṣirò tí wọ́n ń lò fún ìgbì òòfà (gravitational wave) tó ń ti ojú ọ̀run jíjìn wá yẹ̀ ẹ́ wò. 354 tàbí 355 ni tiwọn náà fi hàn. Wọ́n tún rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ihò kọ̀ọ̀kan kò fi ju 0.028 mílímítà lọ yà kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ọwọ́ ènìyàn ló lu ìyẹn!

Chris kò yára o. Ẹ lè retí fídíò kan títí ẹ ó fi gbàgbé pé ẹ̀ ń retí rẹ̀. Ẹni tó ń wá tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má yà síbẹ̀.

Eugenio Monesma, ọmọ ìlú Huesca ní ilẹ̀ Sípéènì, kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ ní tirẹ̀, oníkámẹ́rà ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè òkè Pyrenees àti níbòmíì, tó ń ya àwọn àgbà tó ṣì mọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wọn kò kọ́: àwọn tó ń sun èédú, àwọn tó ń fi igi ṣe àwo, àwọn tó ń hun bàtà láti ara koríko. Orí ìkànnì rẹ̀ ni àwọn fíìmù náà wà báyìí. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá ní ojú kò ní sọnù.

Ẹ wá èyí tó dá lórí agogo ọrùn màlúù. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n gé, wọ́n ká a, wọ́n lù ú pa pọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n kó ègé idẹ mọ́ ọn, wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ bò ó pátápátá, ó di ìṣù amọ̀ kan ṣoṣo, ó wọ iná. Nínú amọ̀ yẹn ni idẹ ti ń yọ́, tó ń ràn mọ́ ara irin, tó ń dí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ojú kò lè wọ ibẹ̀; bó bá kù díẹ̀, idẹ kò tíì yọ́, bó bá pẹ́ jù, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú náà mọ amọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìda oyin ni tiwọn ń yọ́ jáde kí idẹ tó wọlé. Ti àwọn ará Sípéènì, irin náà ń jókòó sínú ibẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ amọ̀ dànù, ọ̀gá á mú òòlù, á máa lù ú díẹ̀díẹ̀, á fetí sí i, á tún lù ú, títí ohùn rẹ̀ á fi bá a lára mu. Ẹ̀sùn kan ni mo ní: ẹni tó ń ṣàlàyé nínú àwọn fíìmù yẹn kì í sinmi ẹnu. Mo máa ń dín ohùn kù títí yóò fi kan ibi tí òòlù bá bẹ̀rẹ̀.

Níbí ni inú ti ń bí mi díẹ̀ sí tiwa. Púpọ̀ nínú fídíò aṣọ òkè tí mo ti rí láti Ìsẹ́yìn, ọ̀kọ̀ tó ń fò lọ fò bọ̀ láàárín òwú ni wọ́n ń yà, nítorí ó dùn ún wò, lẹ́yìn náà ó di aṣọ lára ìyàwó. Ibi tó le ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà: ìgbà tí wọ́n ń fi òwú bọ ojú òmù lọ́kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá ṣìnà, bátànì yóò dàrú láti ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ dé òpin rẹ̀. Ẹni tó bá ní fóònù, tó sì ń gbé nítòsí ahunṣọ, kó lọ bẹ̀ ẹ́, kó gbé fóònù kalẹ̀ síbẹ̀ kó jókòó. Kó má gé e.

Ìkànnì kẹta ni Engels Coach; ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Joliet, ní Montana, Amẹ́ríkà. Àgbá kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni Dave Engel ń ṣe, èyí tó fi igi ṣe tó sì ní irin létí. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀dà àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá tí ọ̀wọ́ ìbaaka fi ń kó èròjà tí wọ́n ń pè ní borax jáde ní Death Valley ní àwọn ọdún 1880, tí àgbá ẹ̀yìn wọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Kò fi téèpù wọn etí igi. Àgbá kékeré kan tó ní ọwọ́ ló ń yí lọ láyìíká rẹ̀, tó sì ń ka iye ìgbà tó yí. Yóò yí i nínú irin náà, yóò sì jẹ́ kí irin fi díẹ̀ kéré sí igi. Irin náà á wọ iná títí yóò fi gbóná tó sì fẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀mú gbé e, wọ́n á gbé e lé igi, èéfín á rú, wọ́n á da omi sí i. Bí irin ṣe ń tutù, ó ń súnkì, ẹ ó sì máa gbọ́ bí àwọn oríkèé igi ṣe ń ké. Bí irin bá tóbi jù, yóò yọ lọ́jọ́ tí igi bá gbẹ. Bó bá kéré jù, yóò fún àgbá náà títí yóò fi wọ́. Ibẹ̀ kò gba àtúnṣe, ojú yín ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí mo fi síkẹ́yìn ni John Plant tó ni Primitive Technology, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Queensland náà ló ń gbé. Láti 2015 ni ó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé nìkan wọ igbó, tó ń fi amọ̀, igi àti òkúta ṣe gbogbo ohun tó nílò, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kó ẹrẹ̀ pupa tí kòkòrò àìfojúrí ń dá sílẹ̀ lójú odò, ó sun ún pẹ̀lú èédú, ohun tó sì ń fẹ́ iná rẹ̀ kì í ṣe ẹwìrì bíi tiwa, ohun yíyí kan ni tó fi okùn fà. Ohun tó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni hóró irin tí kò tó ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́. Kò fi pamọ́. Ó kó o sórí òkúta kí a rí bó ṣe kéré tó, ó tún iná dá, ó tún bẹ̀rẹ̀, títí ó fi rí irin tó tó ọ̀bẹ kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wò ó kò mọ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀: ẹ tẹ CC nísàlẹ̀ fídíò, gbogbo àlàyé rẹ̀ wà níbẹ̀, èédú tó lò, ìdí tí ti àná kò fi yọ́, ohun tó fẹ́ yí padà lọ́la.