Ìlà A, Ìlà S

Ní láàbù kan lọ́nà Ajah, obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kì í kánjú. Ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré olómorí elésè-àlùkò, ó ń yí i síwá yí i sẹ́yìn jẹ́jẹ́ kó má baà dì. Ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó lù ú mọ́ omi kí sẹ́ẹ̀lì pupa bẹ́, kí hìmóglóbìn inú wọn lè jáde.

Ó yọ pẹlẹbẹ asitéètì nínú bọ́fà tó rẹ ẹ́ sí, ó tẹ bébà mọ́ ọn kí omi rẹ̀ fà. Ó fi irin tín-ín-rín bí abẹ fẹ́lẹ́ kan ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lé pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ìlà á fọ́n ká. Ẹ̀jẹ̀ AS (tó ní hìmóglóbìn A àti S) tó ti dá a lójú ló tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni òdiwọ̀n. Ó tan iná. (Bí iná bá lọ láàárín, àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.) Hìmóglóbìn ń rìn lọ síhà àmì +: A ń ṣíwájú, S ń tẹ̀lé e, C ló ń kẹ́yìn. Ẹyọ ásíìdì amínò kan ṣoṣo ló ya S sọ́tọ̀ lára A nínú okùn bẹ́tà: valine ló gba ipò glutamic acid. Pupa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tó láti fi ìlà hàn án. Ìlà méjì yọ, ó wò ó mọ́ òdiwọ̀n, ó kọ AS.

Ìṣirò iye AA, AS àti SS láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Hardy, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, àti Weinberg, dókítà ará Jámánì, ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1908. Ká ní ẹyọ kan nínú jíìnì mẹ́wàá jẹ́ S. Nínú 1,000 ènìyàn, 810 á jẹ́ AA, 180 á jẹ́ AS, 10 á jẹ́ SS, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà láti ìran dé ìran. Àmọ́ àdéhùn wà níbẹ̀: kí èrò pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ẹnikẹ́ni má wo jínótáìpù fẹ́ra, kí àlejò má wọlé, kí onílé má kó jáde, kí jíìnì má ṣèèṣì yí padà, kí ikú má ṣa irú kan ju èkejì lọ.

Ní Lẹ́kkí sí Ajah, èrò péye, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àdéhùn yòókù kò péye. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kó dé láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìrí èsì láàbù. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn SS lọ lọ́mọdé, ibà sì ń pa ọmọ AA ju ọmọ AS lọ, gẹ́gẹ́ bí olùwádìí Allison ti fi hàn ní 1954. Nítorí náà, bí àkọsílẹ̀ bá yàtọ̀ sí 810, 180 àti 10, ìṣirò ò bàjẹ́. Ó ti fi hàn pé nǹkan kan fọwọ́ kan ìran náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló jẹ́ AS, ibà ni kò sì jẹ́ kí S run.