Iná Orí Ọdẹ

Ológun òde òní máa ń to awò aríran-lóru síwájú awò orí ìbọn, kí méjèèjì lè wo ibì kan náà. Fìtílà kábáàdì lásán ni àwọn ọdẹ òru ìhà ìlú Ìrèsì fi yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí, kí iná àti ìbọn lè kọjú síbì kan náà. Omi ń kán sórí òkúta kábáàdì, gáàsì ń jáde, iná ń jó níwájú awo dídán. Iwájú orí ni wọ́n ń de fìtílà náà mọ́: ibi tí ọdẹ bá kọjú sí ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ, ẹnu ìbọn á sì tẹ̀lé e. Ojú ẹtu á dá iná náà padà, á máa tàn yanran. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọdẹ tí igbó mì níwájú rẹ̀, tí kò rí ojú tó ń tàn, tí kò sì yìnbọn, òun ni mo kà sí ọ̀gá. Tọ́ọ̀ṣì bátìrì ti ń gbapò kábáàdì báyìí. Ó fúyẹ́, kò sì rùn, ṣùgbọ́n iwájú orí náà ni wọ́n ṣì ń dè é mọ́.