Láti Inú Orin Dé Ojú Àwòrán: Fíìmù Arugbá Gẹ́gẹ́ Bí Àwòkọ́ṣe fún Ètò Fídíò Orin ní Èjìgbò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí orin, àwòrán àti ọdún ìbílẹ̀ ṣe wọnú ara wọn nínú fíìmù Arugbá tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 2008. Ó sì wo ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí ó ń gbèrò fídíò orin ní Èjìgbò lè rí fàyọ nínú rẹ̀. Àlàyé Andrew Goodwin lórí àjọṣe ọ̀rọ̀ orin àti àwòrán ni òpó tí iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọdún ìbílẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí a kàn ta sẹ́yìn akọrin. Ìtumọ̀ ọdún náà ní láti wà nínú ìwé ètò kí kámẹ́rà tó jáde nílé.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá iṣẹ́ fídíò orin mu régí. Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ pé kí ó gbèrò fídíò fún orin kan, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni irú kámẹ́rà tí yóò yá, aṣọ tí akọrin yóò wọ̀ àti ibi tí ó dára láti yà. Ọ̀rọ̀ orin gan-an a wá di ohun tí a gbàgbé sílé. Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà ní Èjìgbò, ó dájú pé ọkàn rẹ̀ yóò fà sí ọdún Ògìyán, nítorí pé ọdún náà kún fún ohun tí ojú ń fẹ́ wò. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi í ni pé: kí ni ọdún náà ń sọ, ṣé ohun kan náà sì ni orin náà ń sọ?

Ọgbọ́n Àtúpalẹ̀

Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1992 lórí orin àti tẹlifíṣàn, Andrew Goodwin ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí àwòrán lè gbà bá ọ̀rọ̀ orin lò. Èkíní ni àfihàn: orin dárúkọ odò, kámẹ́rà náà sì fi odò hàn. Èkejì ni ìmúgbòòrò: àwòrán fi ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ kún un, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi kún un bá ọ̀rọ̀ náà mu, ó sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìyapa: ọ̀rọ̀ ń lọ sí òkè, àwòrán ń lọ sí ìsàlẹ̀. Ìyapa kò burú bí ó bá jẹ́ pé òǹṣe mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Èyí tí ó burú ni ìyapa tí àìmọ̀ bí.

Orin àti Ẹrù nínú Arugbá

Túndé Kèlání, tí ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò fi ọdún ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán nínú Arugbá. Adétutù, tí Bùkọ́lá Awóyẹmí ṣe, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ifáfitì. Òun ni ó ń ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Òun náà ni a yàn láti ru igbá ẹbọ níbi ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tí yóò ru igbá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ wúńdíá. Orí kan ṣoṣo, nígbà náà, ni òǹṣe fíìmù gbé orin àti igbá lé. Bí Adétutù bá ń kọrin, òǹwòran ti mọ ẹrù tí ń dúró dè é; bí ó bá gbé igbá, òǹwòran ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Èyí ni ìmúgbòòrò ní kíkún. Ọdún náà ṣàlàyé akọrin, akọrin náà sì ṣàlàyé ọdún.

Ohun kejì tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni ohun tí a bò. Igbá tí arugbá ń rù kì í ṣe ohun tí a ń ṣí wò lójú ọjà. Agbára ìran ìwọ́de lọ sódò wà nínú pé ojú rí igbá ṣùgbọ́n kò rí inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà pé gbogbo ohun ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ tú síta kò tíì mọ̀ pé ìbòjú náà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Síbẹ̀, fíìmù náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ ààfin, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ ọdún àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ni ó kó pọ̀, débi pé nígbà mìíràn orin a dà bí ìsinmi láàrin ìtàn dípò kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ tí ìtàn fi ń rìn. Fíìmù gígùn lè fara da irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Fídíò orin tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ kò lè gbà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú.

Èjìgbò: Àtòrì àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni Òṣogbo àti Èjìgbò wà, ṣùgbọ́n ọdún wọn kò rí bákan náà. Ògìyán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun. Orúkọ rẹ̀ so ó mọ́ iyán jíjẹ. Lára ohun tí a mọ ọdún rẹ̀ mọ́ ni ìjà ọ̀pá láàrin àdúgbò méjì nínú ìlú. Lójú ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀, ogun ni èyí, ó sì lè rò pé kò sí àwòrán tí ó dára jù ú lọ fún orin ìfọ́nnu.

Ìtàn tí Pierre Verger kọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1981 fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ti wí, babaláwo kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba ti àjò dé, ó sì fi orúkọ àdápè béèrè ọba, pé níbo ni Ògìyán, ajẹyán, wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé ó rí ọba fín. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú, òjò kọ̀ kò rọ̀, títí ọba fi mọ̀ pé a ti fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ ọkùnrin náà, ó ní òun yóò dárí jì wọ́n bí àwọn ará ìlú bá lè máa fi ọ̀pá na ara wọn. Nínú ìtàn yìí, ọ̀pá kì í ṣe àmì ìṣẹ́gun. Àmì ètùtù ni: ìlú ń gba ìyà tí ó fi jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fi ìjà yìí sí abẹ́ orin tí ń sọ pé kò sí ẹni tí ó tó akọrin í mú, ìyapa tí àìmọ̀ bí ni. Ṣùgbọ́n bí orin náà bá jẹ́ ti ẹni tí a purọ́ mọ́, tàbí ti ọ̀rẹ́ tí a ṣì lù, àwòrán kan náà yóò sọ orin náà di ńlá. Àwòrán kò yí padà. Ètò ni ó yàtọ̀.

Kì í sì ṣe ọdún nìkan ni Èjìgbò ní. Àjọṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà láàrin ìlú náà àti Côte d'Ivoire, pàápàá Abidjan, débi pé èdè Faransé kò ṣàjèjì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú. Orin tí ń yin ìrìn àjò, tí àwòrán rẹ̀ sì ń fi ilé títì pa àti ìyá àgbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn, yóò jẹ́ àpẹẹrẹ ìyapa tí ó ní ọgbọ́n nínú.

Ìlù, Ohùn àti Gígé Àwòrán

Ibì kan wà tí àlàyé Goodwin kò dé, nítorí pé kì í ṣe èdè olóhùn ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Nínú orin Yorùbá, dùndún ń sọ̀rọ̀. Olóòtú àwòrán tí ó ń gé ìran gẹ́gẹ́ bí ìró ìlù ti ń bọ́ lè gé gbólóhùn onílù sí méjì, kí ó sì yí sí ojú akọrin kí ọ̀rọ̀ ìlù tó parí. Ó yẹ kí a kọ ohun tí ìlù ń sọ sílẹ̀ nínú ìwé ètò, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ìgé má baà bọ́ sáàrin òwe.

Bákan náà, ohùn orin lè fa ohùn ọ̀rọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò fi jọra létí. Níbẹ̀, àfihàn tí àwọn kan ń fojú tín-ín-rín di ohun tí ó wúlò: àwòrán ọkọ́ lórí èjìká àgbẹ̀ yóò gba etí lọ́wọ́ iyèméjì.

Ọ̀rọ̀ ìgbohùn náà kò gbọdọ̀ ṣẹ́yìn. Bí a bá ń ya fídíò orin, a máa ń gbé orin sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ẹnu akọrin lè bá a mu. Bí a bá ṣe èyí lójúde ọdún, orin ẹ̀rọ yóò bá orin òrìṣà jà. Ètò tí ó mọ́gbọ́n dání yóò pín iṣẹ́ sí ọjọ́ méjì: ọjọ́ ọdún fún àwòrán nìkan, lẹ́yìn tí a ti gba àṣẹ ní ààfin àti lọ́wọ́ àwọn àwòrò, ọjọ́ mìíràn, ní ibòmíràn, fún akọrin.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí Arugbá fi yé ni pé ẹni tí ó mọ ìdí ẹrù ni ó lè yà á. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó wo dídán àwòrán akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ètò ni kí ó kọ́kọ́ gbà wò. Kí ìwé náà dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni orin yìí ń sọ, ọ̀nà wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìran kọ̀ọ̀kan gbà bá a lò, kí ni kámẹ́rà kò ní yà, kí sì ni ìdí rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí kámẹ́rà gidi yá lè fi ẹ̀rọ alágbèéká ya iṣẹ́ tí ó péye bí ó bá lè dáhùn wọn. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn yóò kàn kó ọdún Èjìgbò fún òǹwòran gẹ́gẹ́ bí ìjà lásán ni, àwọn ọmọ tí ó bá sì wò ó yóò gbà pé ìjà náà ni ogún tí wọ́n jẹ.