Láti Orí Ìwàásù Dé Orí Ẹ̀rí: Èdè Ìgbàgbọ́ àwọn Yorùbá ní Zone Industrielle ti Yopougon

Ìwàásù, ọ̀rọ̀ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá fi ń pe iṣẹ́ sísọ ìgbàgbọ́ wọn fún ẹlòmíràn, kì í ṣe ọmọ bíbí inú èdè Yorùbá. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó sì gbà kọjá kí ó tó dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà, wòlíì àti àlùfáà. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, wọn kò sá fún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nítorí pé ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó kọ́kọ́ lò wọ́n. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ èdè ìgbàgbọ́ àwọn Yorùbá tí ń gbé lẹ́yìn odi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èdè yìí ti jẹ́ èdè ẹni tí ó ní aládùúgbò tí ó sì ń fetí sí i. Ìbéèrè tí ó kù ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí Yorùbá fúnra rẹ̀ bá di àlejò.

Yopougon, ní ìwọ̀ oòrùn Abidjan, jẹ́ ibi tí ìbéèrè náà ti le. Ìkànìyàn ọdún 2021 ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ níbẹ̀. Ní àríwá rẹ̀ ni Zone industrielle wà, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, tí àwọn kan ń lọ kòkó, tí àwọn mìíràn ń ṣe oúnjẹ tàbí ike. Àwọn Ébrié ni onílẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé tí Abidjan ti sọ di tirẹ̀ ni èdè àjọlò, pẹ̀lú Dioula, àti Nouchi tí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro dá sílẹ̀. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anàgó níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì tan mọ́ Èjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, òwò ni a fi mọ̀ wọ́n ju iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Níwájú géètì ilé iṣẹ́, ẹni tí ń tajà, ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ àti ẹni tí ń dúró kí wọ́n pè é sí iṣẹ́ òòjọ́ jọ ń pàdé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ti ń bọ́ sílẹ̀ láìsí pẹpẹ, láìsí aṣọ oyè.

Kòkó tí wọ́n ń lọ ní Yopougon rán ènìyàn létí Agége. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú African Church tí ó yapa kúrò lára ìjọ Áńgílíkà ní Èkó ní 1901, dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkọ̀. Àwọn lébìrà wá bá a láti ìlú òkè. Wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n gbọ́ ìhìnrere, wọ́n sì kó méjèèjì lọ sílé. J. B. Webster kọ ìtàn àwọn ìjọ wọ̀nyí sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1964, ìtàn tí ó sì dùn mọ́ni ni. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi í léèrè. Ọ̀gá ni ó ń wàásù fún lébìrà. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníwàásù kò fi bẹ́ẹ̀ ní òmìnira láti sọ pé òun kò gbà. Ohun kan náà ni a lè sọ nípa ẹni tí ń dúró de iṣẹ́ níwájú géètì ní òwúrọ̀, tàbí èrò inú ọkọ̀, ní Èkó tàbí ní Abidjan, tí oníwàásù bá tí kò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò ríbi lọ kì í ṣe olùgbọ́. Ẹni tí a ká mọ́ ni. Lámèyítọ́ ìwàásù Yorùbá kì í sábà kan ibi yìí, bóyá nítorí pé ohùn oníwàásù máa ń dùn.

Onílẹ̀ Yopougon pàápàá kì í ṣe ẹni tí ìhìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá. Láàárín 1913 sí ìparí 1914, William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Liberia, fi ẹsẹ̀ rìn la etíkun Côte d'Ivoire já tòun ti aṣọ funfun, ọ̀pá àgbélébùú àti Bíbélì. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn tí a gbọ́ pé ó ṣe ìrìbọmi, àwọn Ébrié sì wà lára wọn. Kò gbọ́ èdè wọn. Àwọn ògbufọ̀ ni ó ń túmọ̀ fún un. Nígbà tí àwọn ènìyàn béèrè irú orin tí wọn yóò máa kọ, ó ní kí wọ́n fi ohùn orin tiwọn yin Ọlọ́run. Àwọn Faransé lé e kúrò ní ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí Méthodist dé ní 1924, wọ́n bá àwọn ìjọ tí ó ti ń dúró de olùkọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Yorùbá tí ó bá dé Yopougon tí ó rò pé òun ni ó gbé ìmọ́lẹ̀ wá fún onílé rẹ̀ kò béèrè ìtàn ilé tí ó wọ̀.

Àwọn Yorùbá ní ìtàn tiwọn tí ó yàtọ̀ sí ti Harris. Ní Ghana, àwọn oníṣòwò, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń sìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá kó ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ ilé ìsìn sì dá páropáro. Àwọn ìjọ tí ń lo èdè ilẹ̀ náà ni ó gbé iṣẹ́ náà ró. Ìwé Lamin Sanneh, *Translating the Message*, tí ó jáde ní 1989, ni a sábà máa ń tọ́ka sí pé ìtumọ̀ ń sọ ẹni tí ó gba ìhìn di onílé nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, Yorùbá sì wà lára ẹ̀rí tí ó tẹ́ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a túmọ̀ fún lè jókòó ti ìtumọ̀ náà kí ó sì sọ ọ́ di ọgbà. Èyí ni àríyànjiyàn Sanneh kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò.

Oògùn tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò sí èyí ni ìwàásù alátúmọ̀: oníwàásù á sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, ògbufọ̀ á sọ ọ́ ní Faransé. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn, ó yẹ kí a fi ojú olùkọ́ èdè wò ó. Bí oníwàásù bá ní, "Ẹni tó gbà, tó sì gbọ́, òun ló gbàgbọ́," eré inú ọ̀rọ̀ náà gbé gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání. Tí ó bá di croire ní Faransé, gbígbà kú, gbígbọ́ kú. Ìrònúpìwàdà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrònú wà nínú rẹ̀, pípa ìwà dà sì wà nínú rẹ̀; repentir tí ó rọ́pò rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀dùn ọkàn ju ìwà lọ. (Níbì kan ṣoṣo ni Faransé ti ṣe Yorùbá lóore: tí ògbufọ̀ bá sọ Èṣù di diable, àṣìpè àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń bá àwọn olùtumọ̀ Bíbélì jà lé lórí parẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀.) Òwe ni ó ń fara gbá jù lọ. Àwọn Yorùbá á rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á dúró de ìtumọ̀, ìtumọ̀ náà á sì dé láìní ẹ̀rín nínú. Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ ń sọ fún àlejò, láìfẹnu sọ ọ́, pé ẹnu ọ̀nà ni àyè rẹ̀.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìwàásù ti bò mọ́lẹ̀: ẹ̀rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Kò nílò oyè. Ohun tí ó tún yà á sọ́tọ̀ ni pé a lè bi í léèrè, kí a sì já a ní irọ́. Kò sí ẹni tí ń bi oníwàásù léèrè lórí pẹpẹ. Ní Zone industrielle, ẹ̀rí ni ó bá ibẹ̀ mu. Faransé tí kò tọ́ lójú gírámà tó láti fi sọ ohun tí ojú ẹni rí nígbà àìsàn, nígbà tí ọjà bàjẹ́, tàbí nígbà tí ọmọ kú. Àwọn tí ń gbọ́ ọ mọ bí òṣùwọ̀n obìnrin tí ń sọ ọ́ ti rí, wọ́n mọ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ tí ń bá a ru ẹrù. Ìwà tí repentir gbé sọnù nínú ìtumọ̀ wà lójú gbogbo wọn níbi àtẹ rẹ̀, kò sì sí ògbufọ̀ tí ó lè bá a tún un ṣe.

Ìdí nìyí tí Celestial Church of Christ, tí Samuel Bilehou Oshoffa tí í ṣe káfíńtà dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, fi yẹ fún àkíyèsí ju bí àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe àkíyèsí rẹ̀ lọ. Láàárín Gùn, Yorùbá àti Faransé ni ó ti dàgbà, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ ní Côte d'Ivoire lónìí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè máa jẹ́ àríyànjiyàn fún àwọn ìjọ mìíràn. Ìbágbé èdè inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ní àwọn ìjọ tí ó kù, ẹni tí ó sún mọ́ irú ìbágbé bẹ́ẹ̀ jù lọ ni ọmọ tí wọ́n bí sí Yopougon. Òun ni ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà fún oníbàárà ní Faransé, tí ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Nouchi, tí ń kí bàbá àgbà ní Yorùbá lórí fóònù. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á pè é síwájú kí ó wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí òun náà rí.