Ẹni Ìkẹyìn Láyé, Lẹ́ẹ̀mejì

Àrùn ti pa ayé tán, ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù nílùú, àwọn tí àrùn sọ dìdàkudà sì ń wá a kiri lóru. Inú ìwé tí Richard Matheson kọ lọ́dún 1954 ni ìtàn náà ti wá. Vincent Price ló ṣe é lọ́dún 1964 nínú The Last Man on Earth. Will Smith ṣe é lọ́dún 2007 nínú I Am Legend.

Owó pọ̀ nínú ti Smith. Níú Yọ́ọ̀kì dá páropáro, koríko hù lójú títì, àgbọ̀nrín ń sáré láàárín mọ́tò tí kò lólówó mọ́. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ àwọn abàmì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà kò bà mí lẹ́rù tó Price tó ń gbẹ́ igi ṣónṣó. Kò kánjú. Ó ń pààrọ̀ aáyù tó fi ń lé àwọn abàmì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sàmì sí kàlẹ́ńdà tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sára ògiri, bí ẹni ń múra ibi iṣẹ́.

Nínú ti Price, ìjọba ní kí wọ́n máa sun òkú nínú kòtò. Wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ débẹ̀, sójà kan sì sọ fún un pé ọmọ tòun náà wà nínú iná yẹn. Nígbà tíyàwó rẹ̀ kú, ó kọ̀ jálẹ̀, ó lọ sin ín fúnra rẹ̀. Lóru, obìnrin náà padà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ará Elegbeka, lọ́nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n, níbi tí ibà Lásà kò ti ṣàjèjì, mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n ní kéèyàn má fọwọ́ kan òkú ẹni tirẹ̀. Nínú ti Smith, hẹlikópítà tó já ló pa ìyàwó àtọmọ; wàràwàrà ló kọjá, kò wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Smith nígbà tí àrùn ran Sam, ajá rẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, ó fún un lọ́rùn pa. Ojú Smith nìkan ni kámẹ́rà dúró lé. Lẹ́yìn náà ó lọ bá ọmọláńgidi obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù fídíò, ó ń bẹ̀ ẹ́ tomijétomijé pé kó kí òun. Price náà ń wo fíìmù ìyàwó àtọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Mo ti wò ó léraléra, n kò tíì rí ibi tó ti yí padà. Òun ni mo mú.